Láísẹ́ńsì ọtí àti orin lọ́wọ́ káńsù: ìbéèrè tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀ńgílándì àti Wales ni àwọn ìdáhùn yìí wà fún. Scotland àti Northern Ireland ní òfin tiwọn lọ́tọ̀. Oníbúkà, onígbọ̀ngàn, ẹni tó fẹ́ ṣe òde àti aládùúgbò tí ariwo ò jẹ́ kó sùn, gbogbo wọn ló ń béèrè, gbogbo wọn ni mo sì dá lóhùn síbí.

Ta ló ń fúnni ní láísẹ́ńsì, ọlọ́pàá ni àbí káńsù?

Káńsù ni, káńsù àdúgbò tí ilé náà wà. Bí ṣọ́ọ̀bù yín bá wà ní Peckham, Southwark ni. Bó bá wà ní Dalston, Hackney ni. Òfin tí wọ́n ń lò ni Licensing Act 2003, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2005. Kó tó dìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ májísíréètì lèèyàn ti ń gba àṣẹ ọtí, káńsù sì ń fúnni ní àṣẹ ijó àti orin. Ìdí nìyí táwọn àgbà tó ti pẹ́ nídìí òwò yìí ṣì fi ń sọ pé àwọn ń lọ gba láísẹ́ńsì ní kóòtù. Ẹ ò ní kóòtù ṣe mọ́, àfi tí ẹ bá ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ọlọ́pàá kì í fúnni ní láísẹ́ńsì, kì í sì í gbà á lọ́wọ́ ẹni. Ohun tó lè ṣe ni pé kó ta kò yín níwájú káńsù kó sì sọ ìdí, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wúwo létí wọn.

Kí ni mo fẹ́ tà tàbí ṣe tí màá fi nílò rẹ̀?

Nǹkan mẹ́rin ni òfin kà: ọtí títà, ọtí tí ẹgbẹ́ kan ń pèsè fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nínú kíláàbù tiwọn, eré fún gbogbo èèyàn, bí orin, ijó, tíátà àti sinimá, àti oúnjẹ tàbí ohun mímu gbígbóná tí ẹ ń tà láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń mú àwọn èèyàn wa jù. Ẹnì kan á ní òun ò ta ìgò bíà kan rí láyé òun, kí ló kan òun kan káńsù? Ṣùgbọ́n ó ń ta jọ́lọ́ọ̀fù àti súyà gbígbóná ní aago méjìlá òru. Láísẹ́ńsì ni. Bí oúnjẹ náà bá tutù, tàbí tí ẹ bá ń fi ṣe sàráà lọ́fẹ̀ẹ́, kò kan òfin yìí.

Ẹmu àti ògógóró ńkọ́? Tiwa-n-tiwa kọ́ nìyẹn?

Ọtí lọtí. Ohunkóhun tí ọtí inú rẹ̀ bá ju 0.5% lọ, láísẹ́ńsì ni ẹ ó fi tà á: ẹmu, ògógóró, bíà, bítà tí wọ́n fi ewé àti egbò ṣe. Ẹ má sọ fún òṣìṣẹ́ káńsù pé oògùn ẹ̀yìn ríro ni, wọ́n ti gbọ́ ọ rí. Mọ́ọ̀tì kò sí nínú rẹ̀.

Láísẹ́ńsì mélòó ni mo máa gbà?

Méjì ni fún ẹni tó fẹ́ ta ọtí. Ọ̀kan wà fún ilé, tí wọ́n ń pè ní premises licence. Èkejì wà fún èèyàn, ìyẹn personal licence. Tilé kò lọ́jọ́ tó ń parí, àfi tí ẹ bá fúnra yín ní ọjọ́ báyìí ni kó parí. Tèèyàn náà kò ní àtúnṣe ọlọ́dún mẹ́wàá mọ́ láti oṣù kẹrin ọdún 2015.

Láti gba tèèyàn, ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, kí ẹ yege nínú ìdánwò kékeré kan, kí ẹ mú ìwé wá pé ẹ ò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn tó kan ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ nílùú. Owó rẹ̀ jẹ́ £37. Káńsù ibi tí ẹ ń gbé lẹ ó ti gbà á o, kì í ṣe káńsù ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà.

Lórí láísẹ́ńsì ilé, ẹ ó kọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀ tó jẹ́ alámòójútó ọtí. DPS ni wọ́n ń pè é, òun náà sì gbọ́dọ̀ ní personal licence. Kò pọn dandan kó wà lẹ́yìn káńtà ní gbogbo wákàtí, ṣùgbọ́n òun ni ọlọ́pàá á kọ́kọ́ pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí DPS yín bá ti padà sí Ìbàdàn láti ọdún tó kọjá, tí ẹ ò sì yí orúkọ padà, ẹ ti wà nínú wàhálà láìmọ̀. £23 péré ni ìyípadà náà.

Èló ni owó ilé?

Iye tí ìjọba dá lé ilé fún owó orí òwò ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ilé tí iye rẹ̀ kò ju £4,300 lọ san £100. Títí dé £33,000, £190. Títí dé £87,000, £315. Títí dé £125,000, £450. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, £635. Lọ́dọọdún, ẹ ó tún máa san £70, £180, £295, £320 tàbí £350 bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Bó bá jẹ́ pé ọtí ni olórí òwò ilé náà, tó sì wà ní ìpele méjì tó ga jù, owó náà á di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta.

Láti 2005 ni iye yìí ti wà bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a ń san ní Lọ́ńdọ̀nù, mi ò mọ òmíràn tí kò tíì gbéra. Ìkéde inú ìwé ìròyìn àti agbẹjọ́rò ló ń gbọ́n owó lọ. Ẹ má sì gbàgbé owó ọdọọdún: ẹni tí kò bá san án, káńsù gbọ́dọ̀ dá láísẹ́ńsì rẹ̀ dúró, ẹni tó bá sì ń tà nígbà tó wà ní ìdádúró, bí ẹni tí kò ní láísẹ́ńsì rárá ni.

Kí ni kí n kọ sínú fọ́ọ̀mù?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun sì làwọn èèyàn ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù. Abala kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní operating schedule. Níbẹ̀ lẹ ó ti sọ aago tí ẹ máa ṣí àti èyí tí ẹ máa tì, irú nǹkan tí ẹ máa ṣe, àti bí ẹ ṣe máa dáàbò bo ohun mẹ́rin tí òfin ń ṣọ́: kí ìwà ọ̀daràn àti rògbòdìyàn má wáyé, kí ara àwọn èèyàn wà láìléwu, kí ẹ má di ìyọnu fún àdúgbò, kí ewu má wu ọmọdé.

Ohun tí ẹ bá kọ kò ní jókòó sórí fọ́ọ̀mù. Káńsù á ṣà á, á sọ ọ́ di àdéhùn, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara láísẹ́ńsì, ó di òfin lé yín lórí. Ẹnì kan á lọ da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, á ní "sìkọ́ríitì mẹ́rin á wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà gbogbo." Nígbà gbogbo nìyẹn o. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí oníbàárà méjì péré ń jẹ iyán, mẹ́rin gbọ́dọ̀ dúró. Ká ní ó kọ pé "méjì, láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta," ọkàn rẹ̀ ì bá balẹ̀.

Bákan náà ni kámẹ́rà. Ọjọ́ 31 ni ọlọ́pàá sábà máa ń béèrè pé kí àwòrán wà nípamọ́. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n wá béèrè àwòrán, tí ẹ ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ ti tẹ òfin lójú. Títa ọtí láìsí àṣẹ tàbí ní ìlòdì sí àdéhùn rẹ̀ lè yọrí sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí kò lópin, tàbí méjèèjì.

Torí náà, ẹ kọ ohun tí ẹ lè ṣe lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, tí òṣìṣẹ́ kan ò wá, tí owó ò wọlé. Kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni kí ẹ ti lọ bá ọlọ́pàá ẹ̀ka láísẹ́ńsì àti òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ariwo ní káńsù. Wọ́n á sọ ohun tó ń dùn wọ́n fún yín. Ọ̀pọ̀ àtakò ibẹ̀ ló ń kú sí.

Kí ni ìwé búlúù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì?

Ìkéde ni. Ìwé A4 tó ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, kí lẹ́tà rẹ̀ má kéré sí ìwọ̀n 16, kó wà níta níbi tí ẹni tó ń kọjá ti lè kà á fún ọjọ́ 28 láìyẹ̀. Ẹ ó tún kéde nínú ìwé ìròyìn àdúgbò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Bí ìwé náà bá já bọ́, tí ẹ ò tún un lẹ̀, káńsù lè ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà ọjọ́ láti òdo. Ẹ máa yà á ní fọ́tò lójoojúmọ́ kí ẹ̀rí lè wà.

Ta ló lè ta kò mí?

Ẹnikẹ́ni. Ṣáájú ọdún 2012, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbé nítòsí, àmọ́ wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò. Yàtọ̀ sí aládùúgbò, àwọn iléeṣẹ́ kan wà tí òfin dárúkọ: ọlọ́pàá, panápaná, àwọn tó ń rí sí ariwo, sí ètò ilé kíkọ́, sí ìlera, sí ààbò ọmọdé, sí òótọ́ ọjà (Trading Standards). Láti oṣù kẹrin 2017, Home Office náà ti wà lára wọn nítorí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń di àtakò, àfi èyí tó bá kan ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tí mo kà lókè. "Owó ilé mi á já" kò sí nínú rẹ̀. "Búkà ti pọ̀ jù ní Rye Lane" kò sí nínú rẹ̀. "Òun náà fẹ́ gba oníbàárà mi" kò sí nínú rẹ̀. "Ọmọ mi ò ní lè sùn torí yàrá rẹ̀ wà lókè ibi tí díjéè máa dúró sí," ìyẹn wà níbẹ̀ dáadáa.

Bí kò bá sí ẹni tó ta kò mí, ṣé káńsù ṣì lè kọ̀?

Rárá. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín. Àdéhùn tí òfin fún gbogbo ilé àti èyí tó bá ohun tí ẹ fúnra yín kọ mu nìkan ni wọ́n lè so mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ò mọ èyí, wọ́n rò pé ojú rere káńsílọ̀ ni àwọn ń wá. Ojú rere aládùúgbò ni kí ẹ wá. Ẹ gbé àwo mọ́ínmọ́ín kan lọ sókè lọ kí wọn, kí ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè pè bí orin bá pọ̀ jù. Ẹni tó ní nọ́ńbà yín kì í tètè kọ̀wé sí káńsù.

Bí wọ́n bá ta kò mí ńkọ́?

Ìgbìmọ̀ káńsílọ̀ mẹ́ta á jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà láàárín ogún ọjọ́ iṣẹ́ lẹ́yìn tí ọjọ́ 28 bá parí. Ẹ̀yin á sọ tiyín, àwọn tó ta kò yín á sọ tiwọn. Ìgbìmọ̀ lè fún yín bí ẹ ṣe béèrè, wọ́n lè dín aago kù, wọ́n lè fi àdéhùn kún un, wọ́n lè yọ nǹkan kan kúrò, wọ́n sì lè kọ̀ pátápátá.

Kó tó dọjọ́ yẹn, ẹ bá àwọn tó kọ̀wé sọ̀rọ̀. Bí ọlọ́pàá bá ní aago méjì òru ti pẹ́ jù, tí ẹ sì gbà pé kó di méjìlá àbọ̀, wọ́n lè yọ àtakò wọn kúrò. Bí gbogbo wọn bá yọ ọ́, kò sí ìjókòó mọ́.

Káńsílọ̀ tí ẹ mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ẹgbẹ́ ìlú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é lálẹ́. Bó bá wà nínú ìgbìmọ̀ náà, ẹ ti lé e kúrò nídìí ẹjọ́ yín nìyẹn. Bí kò bá sí nínú rẹ̀, ó lè wá sọ̀rọ̀ ní gbangba bí aráàlú, ìyẹn kò léèwọ̀.

Wọ́n ní àdúgbò mi wà nínú "cumulative impact." Kí nìyẹn?

Àdúgbò tí káńsù ti ṣèwádìí rẹ̀, tí wọ́n rí i pé ilé ọtí ti pọ̀ níbẹ̀ débi pé àfikún á dá wàhálà sílẹ̀. West End ní Westminster, Shoreditch àti Dalston ní Hackney wà lára wọn. Níbẹ̀, bí ẹnì kan bá ta kò yín, ẹ̀yin lẹ ó fi ẹ̀rí hàn pé tiyín ò ní dá kún un. Ilé oúnjẹ tí oníbàárà jókòó jẹun, tí ọtí sì ń bá oúnjẹ rìn, tó sì ń tì ní aago mọ́kànlá, ó ní ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀. Bá tí ẹ fẹ́ ṣí mọ́jú, ẹ ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé. Mo ti rí ẹni tó ti san owó ilé ọdún kan kó tó béèrè.

Mo fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún ìyá mi ní họ́ọ̀lù. Ṣé mo nílò láísẹ́ńsì?

Bí ẹ bá fi ìwé pe èèyàn, tí ẹ ò gba owó ìwọlé, tí ọtí àti oúnjẹ jẹ́ ọ̀fẹ́, rárá. Òde ilé yín ni. Olórin lè kọrin, díjéè lè gbé orin sí i. Owó tí wọ́n ná mọ́ ìyá yín níwájú orí kì í ṣe owó ìwọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín.

Ohun tó ń mú òwàńbẹ̀ ni aago. Họ́ọ̀lù ní àwọn àdéhùn tirẹ̀. Bí ìwé tí ẹ fọwọ́ sí pẹ̀lú onígbọ̀ngàn bá ní orin ń parí ní aago mọ́kànlá àbọ̀, ẹ pe èèyàn ní aago mẹ́rin ọ̀sán kí wọ́n lè dé ní mẹ́fà. Ariwo tún ní òfin tirẹ̀, Environmental Protection Act 1990, tí káńsù lè lò lé òde ọ̀fẹ́ pàápàá lórí.

Bí mo bá fẹ́ ta ọtí níbi òde náà ńkọ́, tí họ́ọ̀lù ò ní láísẹ́ńsì?

Ẹ fi TEN ránṣẹ́ sí káńsù. Temporary Event Notice ni orúkọ rẹ̀ gangan. Owó rẹ̀ jẹ́ £21. Èèyàn tó máa wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọ́dọ̀ ju 499 lọ, a sì ń ka òṣìṣẹ́, alásè, olórin àti onílù mọ́ ọn. Òde kan kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 168 lọ, èyí tó tó ìsìnkú wa pàápàá.

Ẹ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ṣáájú. A kì í ka ọjọ́ tí káńsù gbà á, a kì í ka ọjọ́ òde fúnra rẹ̀, a kì í ka Sátidé, Sọ́ńdè tàbí ọlidé. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kò tó! Bí ẹ bá pẹ́, TEN apẹ́lẹ́yìn wà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún sí mẹ́sàn-án, àmọ́ ó léwu: bí ọlọ́pàá tàbí àwọn tó ń rí sí ariwo bá ta kò ó, ó parí nìyẹn, kò sí ìjókòó, kò sí ẹ̀bẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí nìkan ló lè ta ko TEN, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n sì ní.

Ẹni tí kò ní personal licence lè ṣe TEN márùn-ún lọ́dún, ẹni tó ní in lè ṣe àádọ́ta. Ilé kan náà kò sì gbọ́dọ̀ kọjá TEN 15 tàbí àpapọ̀ ọjọ́ 21 lọ́dún. Bí ẹ bá háyà họ́ọ̀lù ní oṣù kejìlá, ẹ bi onílé bóyá òǹkà ti kún.

Ṣé mo nílò àṣẹ fún olórin àti díjéè nínú ilé oúnjẹ mi?

Bí ẹ bá ti ní láísẹ́ńsì ọtí tí wọ́n ń mu nínú ilé, láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mọ́kànlá alẹ́, tí èrò kò ju 500 lọ, ẹ ò nílò àṣẹ mìíràn fún orin olórin tàbí ti díjéè. Live Music Act 2012 ló bẹ̀rẹ̀ ti olórin pẹ̀lú èèyàn 200, ó di 500 ní oṣù kẹrin 2015. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá, ó gbọ́dọ̀ wà lórí láísẹ́ńsì. Bí ẹ bá sì ba àdúgbò jẹ́, káńsù lè gba òmìnira yìí padà.

Ti PRS àti PPL yàtọ̀. Owó àwọn tó ni orin nìyẹn, káńsù ò mọ̀ ọ́n.

Ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?

Ìsìn kò nílò láísẹ́ńsì eré, bẹ́ẹ̀ ni orin tó bá ìsìn rìn, ì báà jẹ́ nínú họ́ọ̀lù tí ẹ háyà. Ṣùgbọ́n òfin ariwo kò mọ hallelúyà yàtọ̀ sí fújì. Ẹ ti fèrèsé.

Ọmọdé ńkọ́?

Ọdún 18 ni. Ẹni ọdún 16 tàbí 17 tó bá ń jẹun nídìí tábìlì pẹ̀lú àgbàlagbà lè mu bíà, wáìnì tàbí sáídà tí àgbàlagbà náà rà. Ọtí líle kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ti tó 25, ẹ béèrè káàdì. Ọ̀wọ̀ kọ́ lẹ fi ń dù ú bí ẹ bá béèrè.

Ohun kan wà tí a kì í rántí. Nílé, bàbá á rán ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ra bíà lọ́dọ̀ Màmá Bọ́lá, kò sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Níbí, ẹni tó rán an ṣẹ̀, ẹni tó tà á fún un náà ṣẹ̀. Òṣìṣẹ́ òótọ́ ọjà máa ń rán ọ̀dọ́ wá dán yín wò, bí ilé kan bá sì tà fún ọmọdé lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ ni.

Mo ra ṣọ́ọ̀bù tó ti ní láísẹ́ńsì. Ṣé ó ti di tèmi?

Rárá. Ẹ fi £23 béèrè fún ìgbéwọ́lé (transfer), kí ẹni tó tà fún yín fọwọ́ sí i, kí ẹ sì bẹ káńsù pé kó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ béèrè bóyá owó ọdọọdún ti wọlé, kí ẹ sì ka gbogbo àdéhùn inú rẹ̀, torí ẹ̀jẹ́ tí ẹni yẹn jẹ́ ti di tiyín.

Bí ẹni tó ni láísẹ́ńsì bá kú, láísẹ́ńsì kú. Ẹbí ní ọjọ́ 28 láti gbé ìwé fún ìgbà díẹ̀ lọ sí káńsù. Mo mọ̀ pé ọjọ́ 28 kì í tó wa fún ìdágbére lásán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi orúkọ ilé-iṣẹ́ gbà á, kì í ṣe orúkọ ara wọn.

Planning (àṣẹ ètò ilé kíkọ́) ní aago mọ́kànlá, láísẹ́ńsì ní aago méjì. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Èyí tó kọ́kọ́ tì. Ẹ̀ka méjì ni nínú káńsù kan náà, ọ̀kan kò sì mú èkejì lọ́ranyàn. Bí ẹ bá fẹ́ aago méjì, ẹ lọ tún ti planning ṣe.

Aṣọ ẹbí tí mo tà, ṣé ó lè di tíkẹ́ẹ̀tì?

Òfin wọn kò mọ aṣọ ẹbí. Ohun tó ń béèrè ni pé: ṣé wọ́n sanwó kí wọ́n tó wọlé síbi eré, ṣé èrè sì ni ẹ ń wá? Bí ẹni tó wọ aṣọ tirẹ̀ bá lè wọlé, kó jẹ, kó jó, aṣọ lẹ tà. Bí ẹ bá ń dá ẹni tí kò ra lésì padà lẹ́nu ọ̀nà, tí èrè gidi sì wà lórí rẹ̀, lójú tèmi, ẹ ti sún mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì.

Ti ọtí le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí a kì í béèrè èrè níbẹ̀. Tábìlì £500 tí ìgò kan bá a rìn, títà ni. Tíkẹ́ẹ̀tì tí "bíà àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́" wà lórí rẹ̀, títà ni.

Ọlọ́pàá ní àwọn fẹ́ kí wọ́n "review" láísẹ́ńsì mi. Ṣé wọ́n lè tì mí lójú ẹsẹ̀?

Ẹnikẹ́ni ló lè béèrè àyẹ̀wò, ìgbìmọ̀ á sì jókòó lé e. Wọ́n lè fi àdéhùn kún un, yọ DPS, dá a dúró fún àkókò tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, tàbí gbà á pátápátá. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ọtí tí kò sanwó kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí òṣìṣẹ́ tí kò ní ìwé, ìlànà ìjọba sọ pé kí wọ́n ronú gbígbà á tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ògógóró inú àpótí tí ẹnì kan gbé wá láti pápá ọkọ̀ òfuurufú wà lára rẹ̀.

Bí ọlọ́pàá bá ní ìwà ọ̀daràn ńlá tàbí rògbòdìyàn ńlá wà níbẹ̀, káńsù gbọ́dọ̀ jókòó láàárín wákàtí 48, ìpinnu ọjọ́ yẹn sì ń mú lójú ẹsẹ̀. Ìjókòó kíkún á tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ 28.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀ ni Brixton Academy, gbọ̀ngàn orin ńlá yẹn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2022, èrò ya lu ara wọn lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ eré Asake, èèyàn méjì kú. Káńsù Lambeth dá láísẹ́ńsì ilé náà dúró. Ọlọ́pàá fẹ́ kí wọ́n gbà á pátápátá. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ìgbìmọ̀ fi àdéhùn 77 lé e lórí dípò kí wọ́n gbà á, ó sì ṣí padà ní oṣù kẹrin 2024. Fabric, kíláàbù ijó kan ní Islington, sì pàdánù tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016 lẹ́yìn ikú ọ̀dọ́ méjì tó lo oògùn olóró, ó bá káńsù ṣe àdéhùn ní oṣù kọkànlá, ó ṣí ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ṣé wọn kì í fi àwọ̀ ara tàbí irú orin dá wa lẹ́jọ́?

Ìbéèrè náà ní ìtàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ní fọ́ọ̀mù kan, Form 696, tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ nípa olórin àti díjéè kí òde tó wáyé. Nígbà kan, ó tiẹ̀ ń béèrè ẹ̀yà àwọn tó ń bọ̀. Orin àwọn aláwọ̀ dúdú ló jẹ palaba ìyà rẹ̀ jù. Ní oṣù kọkànlá 2017 ni wọ́n pa á rẹ́. Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá ní "irú orin yìí ń mú ìjà wá," ẹ béèrè ẹ̀rí: ọjọ́ wo, ilé wo, kí ló ṣẹlẹ̀? Kí akọ̀wé kọ ìbéèrè yín sílẹ̀.

Káńsù ti gba láísẹ́ńsì mi. Ṣé mo lè máa tà nìṣó bí mo ṣe ń pe ẹjọ́?

Ẹ ní ọjọ́ 21 láti ìgbà tí ìwé ìpinnu bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ láti lọ sí kóòtù májísíréètì. Bó bá jẹ́ àyẹ̀wò lásán, ìpinnu náà kì í mú títí ọjọ́ 21 yóò fi pé tàbí tí ẹjọ́ yóò fi parí, ẹ lè máa tà. Bó bá jẹ́ ti wákàtí 48, ìdádúró tí wọ́n fi síbẹ̀ ṣì lè dúró, ẹ ò sì lè tà. Bó bá sì jẹ́ pé láísẹ́ńsì tuntun ni wọ́n kọ̀ fún yín, kò sí ohun tí ẹ ó fi máa tà ná.

Kóòtù á gbọ́ ẹ̀rí tuntun, àmọ́ láti ìgbà ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Hope and Glory ní 2011, ẹni tó pe ẹjọ́ ló ní láti fi hàn pé káńsù ṣì í. Nítorí náà, ìdí tí ìgbìmọ̀ kọ sínú ìwé ìpinnu ni kí agbẹjọ́rò yín kọ́kọ́ kà. Aládùúgbò tó ta kò yín náà ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ bí káńsù bá fún yín, láàárín ọjọ́ 21 kan náà.